Kámẹ́rà Tí Apá Òṣèré Ká

Róòlù fíìmù 16mm tó gùn ní 400 ẹsẹ̀ bàtà kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ kó tó tán nínú kámẹ́rà. Kásẹ́ẹ̀tì VHS tí wọ́n kọ E-180 sí lára ń gba wákàtí 3. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó mú kí àwọn òṣèré Yorùbá gbé kámẹ́rà fídíò lé èjìká ní ìparí àwọn ọdún 1980, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà fíìmù, owó ló ṣòfò yẹn. Níwájú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dá a padà sẹ́yìn, wọ́n á tún un gbà.

Kì í ṣe pé fíìmù kò wù wọ́n. Ọlá Balógun àti Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, àwọn òǹwòran sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Hubert Ògúndé, tó ti ń darí ẹgbẹ́ òṣèré láti àwọn ọdún 1940, ṣe Ayé ní 1979, ó tún ṣe Jáíyésinmi ní 1980. Ìnáwó rẹ̀ ló wúwo. Òkè òkun ni fíìmù tútù ti ń wá, òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ fọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Bí ó bá dé tán, olóòtú fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé e káàkiri, láti National Theatre ní Igànmú títí dé gbọ̀ngàn ìlú kéékèèké, tí kò ní fi ojú kúrò lára rẹ̀.

Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwọn olè da Ọ̀run Móoru, fíìmù rẹ̀ ti 1982, kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á nígbà tí òun ṣì ń retí owó tó fi ṣe é. Àdánù náà mú un wọ gbèsè, ó sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tí Bàbá Sàlá ti pa lẹ́rìn-ín rí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà fi ohun kan hàn gbangba: àwọn èèyàn ti ní ẹ̀rọ fídíò ní pálọ̀, wọ́n sì ń wá eré Yorùbá tí wọ́n máa kì bọ inú rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án 1986 ni ìjọba dá ọjà owó òkèèrè tí wọ́n ń pè ní SFEM sílẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó náírà 2 tẹ́lẹ̀ ti lé ní náírà 3 kí ọdún náà tó parí, kò sì dúró níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó fíìmù náà ń gòkè. Àwọn kan sá sọ́dọ̀ fíìmù reversal, tí kò ní negative: ohun tó gba inú kámẹ́rà kọjá gan-an ni wọ́n máa fi hàn. Bí ó bá ti ha lẹ́ẹ̀kan, ó ha títí ayé nìyẹn.

Nígbà yẹn, kámẹ́rà tó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú ara kò tíì pẹ́ láyé. Sony ta Betamovie ní 1983, kámẹ́rà yìí kò tilẹ̀ lè fi ohun tó gbà hàn. JVC mú tirẹ̀ dé ní 1984. Ní Nàìjíríà, VHS ló borí, àwọn tó sì ń fi í jẹun ni àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Ọwọ́ wọn ni òṣèré ti máa ń yá kámẹ́rà, tàbí kó gba kámẹ́rà àti ẹni tó ni ín pọ̀.

Yíyàn kámẹ́rà gba làákàyè. VHS lásán kì í fún ni ju nǹkan bí ìlà 240 lọ nínú àwòrán. S-VHS tó dé ní 1987 fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbà kì í hàn dáadáa nínú ẹ̀rọ VHS lásán, èèyàn gbọ́dọ̀ dà á kọ kó tó tà á. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń lo ètò àwòrán NTSC, nígbà tó jẹ́ pé PAL ni ti Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá bèèrè kó tó sanwó lè délé kó rí àwòrán tí kò ní àwọ̀. Kámẹ́rà tó ń dá ojú rẹ̀ ṣí, tó ń dá a pa, ló tún burú jù. Jẹ́ kí òṣèré dúdú kan jókòó síwájú fèrèsé: kámẹ́rà á rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, á sé ojú, òṣèré á sì ṣókùnkùn biribiri. Kámẹ́rà tí a lè fi ọwọ́ yí ojú rẹ̀ ló ń gbani lọ́jọ́ náà. Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ gbé ìwé funfun síwájú rẹ̀, á tẹ bọ́tìnì, kí kámẹ́rà lè mọ bí funfun ṣe rí lábẹ́ iná ibẹ̀. Bí ó bá gbàgbé, ojú gbogbo èèyàn á pọ́n bí epo lábẹ́ gílóòbù. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ihò tí wọ́n lè ki gbohùngbohùn bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ló máa sọ̀rọ̀ ju òṣèré lọ.

Ẹ̀rọ fídíò méjì ni wọ́n ń so pọ̀ láti fi to eré náà. Ọ̀kan ń ṣe é jáde, èkejì ń gbà á, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ yá lórí bọ́tìnì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dà á kọ ló ń ṣá. Èyí tí oníbàárà rà lọ́jà lè jẹ́ ẹ̀dà kẹta tàbí ìkẹrin, tí pupa ètè ti ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n rà á bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹni tó kọ́kọ́ fi fídíò ṣe eré Yorùbá. Adé Àjíbóyè gbé eré fídíò kan jáde ní 1988. Muyideen Arómirẹ́ gbé tirẹ̀ jáde ní 1989. Ọdún 1989 kan náà ni Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Igbo, náwó lórí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi pẹ̀lú Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá. Living in Bondage tó ṣe ní èdè Igbo ní 1992 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Nollywood, kò sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Eré Yorùbá ni Nnebue fi kọ́ òwò náà.

Túndé Kèlání gba ọ̀nà tirẹ̀ wọlé. Ó ti kàwé nípa fíìmù ní London, ó ti ya fíìmù 16mm bíi Ìyá Ni Wúrà àti Ìwà, kó tó dá ilé iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nígbà tí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ dé ní 1993, tí Kareem Adépọ̀jù, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Bàbá Wándé, ṣeré nínú rẹ̀, àwọn èèyàn rí i pé fídíò náà lè ní ẹwà bí ẹni tó mọ ìmọ́lẹ̀ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ayàwòrán ṣe pàtàkì ju iye tí wọ́n ra kámẹ́rà lọ.

Ní 1995 ni DV, fídíò dìjítà, dé, pẹ̀lú Sony VX1000. Okùn kan láti ara kámẹ́rà sí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà kẹwàá á sì dọ́gba pẹ̀lú èkíní. Wàhálà ẹ̀rọ méjì tán níbẹ̀.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń mú kí wọ́n bu, àwòrán ara wọn sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Funai, ilé iṣẹ́ tó kẹ́yìn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró ní oṣù keje 2016. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì eré Yorùbá láti 1988 sí 1994 nínú àpótí, kó wá ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọjà Alábà ní Èkó tàbí lọ́dọ̀ oníṣẹ́ fídíò àdúgbò, kó sì dà á sórí kọ̀ǹpútà kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.