Bí Àwọn Ará Ẹstóníà Ṣe Tún Àkọtọ́ Èdè Wọn Ṣe

Ẹja ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Kala ni àwọn ará Ẹstóníà ń pè é, ṣùgbọ́n fún ohun tí ó lé ní àádọ́jọ ọdún, kalla ni ìwé wọn ń kọ ọ́. Kalla kan náà yìí sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ fún ènìyàn pé kí ó da omi sínú ife.

Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn ọlọ́lá Jámánì ti gba ilẹ̀ náà. Ọba Swídìn àti ti Rọ́ṣíà jẹ lé e lórí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn Jámánì ni ó ni oko, àwọn ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn àlùfáà tí ń kọ̀wé fún àgbẹ̀. Nínú èdè Jámánì, bí a bá kọ kọ́ńsónáǹtì ní méjì, a fi ń hàn pé fáwẹ́lì tí ó ṣáájú rẹ̀ kúrú. Òfin yìí ni wọ́n gbé wọ èdè Ẹstóníà, èdè tí kò bá ti Jámánì tan rárá. Kí a má ṣe bú wọn jù: Bengt Gottfried Forselius, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá Tartu ní 1684, àti Johann Hornung ti mú sípẹ́lì náà rọrùn ju ti ìṣáájú lọ.

Ní 1843, Eduard Ahrens, àlùfáà Kuusalu, tí òun pàápàá jẹ́ Jámánì, kọ ìwé gírámà kan. Ó wo èdè Fínlándì, tí í ṣe ìbátan èdè Ẹstóníà, ó sì ní kí a kọ fáwẹ́lì gígùn ní méjì, kí a kọ èyí tí ó kúrú ní ẹyọ kan. Kalla di kala. Issa, èyíinì ni bàbá, di isa. Ìlànà náà ṣe kedere, síbẹ̀ ó tó ọgbọ̀n ọdún kí ó tó borí. Inú Bíbélì àti ìwé orin ni àwọn àgbẹ̀ ti kọ́ ìwé kíkà. Bàbá tí ń bẹ ní ọ̀run pàápàá, Issa ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nínú Àdúrà Olúwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ìwé ìdánwò wò mọ ohun tí èyí jẹ́. Nígbà tí a dá Eesti Kirjameeste Selts, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, sílẹ̀ ní 1872, àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ni ó gbé àkọtọ́ tuntun náà ró.

Ṣùgbọ́n èdè Tallinn, ní àríwá, ni Ahrens kọ gírámà rẹ̀ lé lórí. Gúúsù ni ó kọ́kọ́ ní Májẹ̀mú Tuntun, ní 1686, ọdún 29 ṣáájú àríwá. Síbẹ̀, kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, èdè gúúsù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú ìwé. Ní 1995 ni a dá ilé-iṣẹ́ Võro sílẹ̀ láti ṣe ìtọ́jú èdè ibẹ̀, kí a sì máa tẹ ìwé ní èdè náà. Lẹ́tà q ni wọ́n fi ń kọ ìró tí ọ̀fun ń gé kúrú ní òpin ọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ kò fẹ́ ẹ.