Ìmpíláǹtì ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti ara obìnrin

Ìmpíláǹtì ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀, tí òṣìṣẹ́ ìlera máa ń tì bọ abẹ́ awọ apá obìnrin tí kò fẹ́ lóyún. Norplant, tó jẹ́ ọ̀pá mẹ́fà, tí Finland fọwọ́ sí ní 1983, ló ṣíwájú. Lónìí, Jadelle jẹ́ ọ̀pá méjì tó gbé mílígíráàmù 150 levonorgestrel. Implanon NXT jẹ́ ẹyọ kan, mílígíráàmù 68 etonogestrel ló wà nínú rẹ̀.

Oògùn méjèèjì fara jọ projẹ́stírónì tí ilé ẹyin obìnrin ń ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sun jáde: ti Implanon máa ń tó máíkírógíráàmù 60 sí 70 lóòjọ́ níbẹ̀rẹ̀, á sì ti wálẹ̀ sí 25 sí 30 nígbà tí ọdún kẹta bá ń parí. Ìwọ̀nba yìí tó láti dá họ́mónù LH dúró, èyí tí ì bá ga sókè lójijì kí ẹyin tó jáde. Ó tún ń mú kí ikun ẹnu ilé-ọmọ ki, kí àtọ̀ má ráyè kọjá. Síbẹ̀, ilé ẹyin kò sùn pátápátá. Ó ṣì ń ṣe ẹ́sítírójìn tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí egungun kì í fi í jìyà bó ṣe lè jìyà lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta.

Nǹkan oṣù ni ìyàtọ̀ ti máa ń hàn jù. Ẹlòmíràn á máa rí kínkín lemọ́lemọ́, ti ẹlòmíràn á pẹ́ kó tó dá. Ti nǹkan bí obìnrin kan nínú márùn-ún tó ń lo Implanon kì í tilẹ̀ wá rárá fún oṣù mẹ́ta gbáko. Èyí tí kò wá yìí ló ń já ọ̀pọ̀ láyà, torí wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ burúkú ń kó jọ síkùn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Ara inú ilé-ọmọ ló fẹ́lẹ́ débi pé kò ní ohun tó máa bọ́ sílẹ̀.

Ti sísanra ṣòro í dájọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, àwọn tó lo Implanon fi bíi kílò 1.7 sanra láàárín ọdún méjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan náà ń mú ènìyàn sanra. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè gòkè díẹ̀, kì í sábà kọjá ààlà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sì fi ìmpíláǹtì du alátọ̀gbẹ. Irorẹ́ àti orí fífọ́ máa ń yọ àwọn kan lẹ́nu.

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú oògùn náà ká. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ rifampicin àti efavirenz ti àwọn tó ní HIV máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára ṣiṣẹ́ yìí, obìnrin sì lè lóyún pẹ̀lú ọ̀pá lápá.