Kí Ni Owó Ọ́síjìn Ń Wá Nínú Bíìlì?

Látàárọ̀ lẹ ti ń bi mí lórí owó tí a ń dá fún iṣẹ́ abẹ arábìnrin wa. Ẹnì kan ní, "Ikùn ni wọ́n fẹ́ là, kí ni owó ọ́síjìn ń wá nínú bíìlì?" Ìbéèrè gidi ni. Mo ṣe nọ́ọ̀sì tíátà kí n tó máa ta aṣọ, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn dáhùn.

Nígbà tí Morton fi ether kun aláìsàn lóorun ní Boston lọ́dún 1846, kò sí ọ́síjìn inú sílíńdà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ni, bẹ́ẹ̀ tí a bá pín afẹ́fẹ́ sí márùn-ún, ìdá kan péré ni ọ́síjìn. Náítírójìn ló kó ìyókù. Ẹ wo ẹ̀dọ̀fóró bíi ṣọ́ọ̀bù: náítírójìn ni ẹrù tí ẹnikẹ́ni kì í rà, tó sì gba gbogbo ilẹ̀. Tí oògùn bá dá èémí dúró, tí dókítà ń wá bó ṣe máa ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun, ọjà tó wà nílẹ̀ lara ń ná. Àgbàlagbà ń ná bíi 250 mílílítà ọ́síjìn ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán, bí ìṣẹ́jú kan sí méjì, ó ti bọ́ sínú gbèsè nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ti fi ọ́síjìn kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tára rẹ̀ sì le, lè tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Aboyún, ọmọdé àti ẹni tó sanra kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ o.

Ní 1955, Hamilton àti Eastwood ní Amẹ́ríkà wọn náítírójìn yìí. Wọ́n rí i pé tí èèyàn bá mí ọ́síjìn nìkan fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Ní 1981, Gold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin péré tí aláìsàn bá mí kanlẹ̀ láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ó ti tó. Inú àwọn tó ń kánjú dùn! Àmọ́ ní 1987, Gambee fi méjèèjì wéra: àwọn tó mí lẹ́ẹ̀mẹrin ni ọ́síjìn wọn tètè já wálẹ̀. Nígbà tó di 1999, Baraka ní Beirut sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn sì dúró dáadáa.

Lójú tèmi ṣá, ìbomú tó lẹ̀ mọ́ ojú ni olórí ọ̀rọ̀. Sílíńdà lè kún bámúbámú, tí ìbomú bá ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ lásán á yọ́ wọlé. Rọ́bà kékeré inú imú dáa ní wọ́ọ̀dù, kò tó fún èyí, àfi ẹ̀rọ alágbára tí Patel àti Nouraei kọ nípa rẹ̀ ní London ní 2015. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ náà wà, ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ, ẹ sì mọ iná wa.

Àwọn dókítà Ìbàdàn tó ṣètò ọ́síjìn fáwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn 12 nílẹ̀ Yorùbá, láàárín 2015 sí 2017, kò gbé ọ́síjìn nìkan lọ. Wọ́n mú ẹ̀rọ kékeré tó ń há mọ́ ìka dání, èyí tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ béèrè bóyá tíátà yẹn ní in.

Nítorí náà, ẹ má yọ owó sílíńdà kúrò. Kí ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé tí wọ́n bá fi ìbomú bò ó, ó lè dà bíi pé ó ń fún un mọ́lẹ̀, kó má ṣáà yọ ọ́, kó máa mí lọ. Akápò, ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi ti wọlé, ẹ wò ó.