Òfin Láìsí Olùṣọ́
Kí òtútù tó dé ní London ayé àtijọ́, onílé gbọ́dọ̀ gbá ihò èéfín rẹ̀ mọ́, torí eruku dúdú tó dì mọ́ ọn lè gbiná. Ọmọdé ni wọ́n ń tì wọnú rẹ̀, tí yóò fi orúnkún àti ìgúnpá gun òkè. Ní 1775, dókítà Percivall Pott fi hàn pé eruku náà ń fa jẹjẹrẹ.

Àwọn tó fara mọ́ àṣà náà ní búrọ́ọ̀ṣì kò lè wọ ihò tó wọ́ bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ihò ṣeé tún kọ́, George Smart sì ti ṣe búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn láti 1803. Àìsí olùṣọ́ ló sọ òfin 1788 àti 1840 tó fẹ́ dáàbò bo àwọn ọmọ náà di yẹpẹrẹ. Ìgbà tí ọmọdékùnrin George Brewster há sínú ihò tó sì kú ní 1875, tí ọlọ́pàá wá ń fún àwọn tó ń gbá ihò èéfín níwèé àṣẹ lọ́dọọdún, ni nǹkan yí padà. Òfin láìsí olùṣọ́, oko láìsí ọgbà ni.