Kùrukùru Kọ́ ni Eruku Ọyẹ́

Bí oṣù Ṣẹẹrẹ bá dé, tí bàálù kò lè balẹ̀ ní Ìlọrin tàbí ní Àkúrẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu àwọn akéde wa: ojú ọjọ́ kò dára. Bí ìjì bá dá ọkọ̀ dúró ní oṣù Èbìbì, gbólóhùn yẹn náà ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbá ojú ọ̀nà bàálù láti ẹ̀gbẹ́, òun náà ni. Ó ń dùn mí, torí èdè tó ya ọ̀wààrà òjò sọ́tọ̀ kúrò lára òjò wẹliwẹli kò yẹ kó wá di èdè aláìlọ́rọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Mi ò ní kí awakọ̀ bàálù máa bá àwọn tó ń darí ọkọ̀ sọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ lórí rédíò ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, kí àjèjì àti onílé lè gbọ́ ara wọn yé. Èrò tó jókòó ti ẹrù rẹ̀ láti ìdájí ni mò ń rò, àti akọ̀ròyìn, àti ọmọ iléèwé tó fẹ́ mọ ohun tó dá bàálù dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú ìròyìn ojú ọjọ́ kan, irú èyí tí awakọ̀ máa ń kà kó tó gbéra. Ká ní ti Ìlọrin ni, lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́: DNIL 150700Z 06008KT 1500 HZ NSC 22/04 Q1013. DNIL ni àmì Ìlọrin láàárín àwọn pápákọ̀ àgbáyé. Ọjọ́ 15 oṣù ni, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, eré rẹ̀ tó kìlómítà 15 ní wákàtí kan. Kò sí àwọsánmà tó yẹ kí awakọ̀ kọminú sí. Q1013 ni ìwúwo afẹ́fẹ́, tí awakọ̀ fi ń tún ohun èlò tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ga tó ṣe. Gbogbo èyí rọrùn láti sọ. Iṣẹ́ wà nínú 1500, nínú HZ, àti nínú 22/04.

1500 ni iye mítà tí ojú lè ríran dé. Àwọn kan ń pè é ní ìríran, ṣùgbọ́n ti ojú èèyàn ni ìríran, ẹni tí ìríran rẹ̀ kò dára, dókítà ojú ló ń lọ rí. Ti afẹ́fẹ́ ni a ń sọ níbí. Yorùbá a máa sọ pé ojú kò tó ibì kan, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ “ibi tójú tó”. Ibi tójú tó ní Ìlọrin láàárọ̀ yìí kò ju 1500 mítà lọ: kò sẹ́ni tí kò ní yé.

HZ ló le jù. Ìwé atúmọ̀ èdè a máa kó ohun mẹ́ta pọ̀ sábẹ́ kùrukùru, bẹ́ẹ̀ àwọn afòfuurufú yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí omi tín-tìn-tín bá kún afẹ́fẹ́ tí ibi tójú tó kò pé 1000 mítà, kùrukùru gidi nìyẹn. Bó bá wà láàárín 1000 àti 5000, ó ti fẹ́lẹ́, mo sì máa pè é ní kùrukùru fẹ́lẹ́. HZ kò ní omi nínú. Eruku ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá ayé àtijọ́ kan gbẹ sí, tí afẹ́fẹ́ tó gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá ń gbọ̀n ọ́n dìde. Ọyẹ́ nìkan kò tó láti fi pè é, torí tí a bá ti ní ọyẹ́, òtútù àárọ̀ àti ètè tó ń là ló ń sọ síni lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní eruku ọyẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Oòrùn a máa ká kùrukùru kúrò kó tó di ọ̀sán, èrò lè mu ẹ̀kọ kó dúró. Eruku ọyẹ́ lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ á tètè wá ọkọ̀ ilẹ̀ wọ̀.

22/04 ló ń jẹ́rìí èyí. 22 ni ìwọ̀n ooru. 4 ni ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí ìrì tó sẹ̀. Ìwọ̀n méjèèjì jìnnà síra, afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, kò lè jẹ́ kùrukùru. Mo rí “ìsẹ̀rì” níbì kan, kò bá etí mi mu, torí ìrì fúnra rẹ̀ ló ń sẹ̀, ẹnì kan kì í sẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n ìsẹ̀ ìrì tọ̀nà jù.

Ti òjò ńkọ́? Àwọsánmà gíga tó ń bí àrá ni awakọ̀ ń sá fún jù. Alárá ì bá dára fún un, àmọ́ oyè ọba Arámọkọ-Èkìtì ni. Àwọsánmà oníjì tó. Abẹ́ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti lè máa ti iwájú fẹ́ pàdé bàálù, kó sì ti ẹ̀yìn gbá a láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí apá ọkọ̀ má lè gbé e mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà 2006, bàálù kan gbéra nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Abuja, ó já, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, sì wà lára àwọn tó kú. “Ìyípadà òjijì nínú afẹ́fẹ́” ni mo máa ń kà. Ó gùn jù fún ohun tó yá tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní nǹkan yí bírí, mo sì ń pè é ní afẹ́fẹ́ ayíbírí.

Nígbà míì, bàálù á ti fẹ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀, awakọ̀ á tún fà á sókè, àwọn èrò á sì máa ké. Bí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ bá lè sọ fún ìyá àgbà tó di àga mú pé, “Mámà, afẹ́fẹ́ ayíbírí ló wà nísàlẹ̀, a máa yípo ká tún wá balẹ̀,” ìyá á mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.