Ibi tí Ẹ̀kọ́ Ìbáṣepọ̀ Orílẹ̀-Èdè Ti Wọ Yunifásítì

Ta ló kọ́kọ́ fi ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè kọ́ni ní yunifásítì? Àwọn ìwé kò fẹnu kò. Òmíràn ní Wales ni, òmíràn ní Amẹ́ríkà, àwọn kan sì mú un lọ sí Faransé. 

Ti Faransé kò ní gba àkókò púpọ̀. Iléèwé tí Émile Boutmy dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1872 kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lóòótọ́, àmọ́ òṣèlú lápapọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Àríyànjiyàn gidi wà láàárín Georgetown ní Washington àti Aberystwyth, ìlú kékeré kan létí òkun ní Wales. 1919 ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Ní Georgetown, àlùfáà Kátólíìkì kan, Edmund Walsh, ló dá iléèwé sílẹ̀ fún àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ ní ilé aṣojú ìjọba àti nídìí òwò òkèèrè. Iṣẹ́ tí wọn yóò lọ ṣe ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ní Aberystwyth, David Davies, olówó tí baba rẹ̀ àgbà fi èédú là, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, Gwendoline àti Margaret, fi £20,000 sílẹ̀ láti fi dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kan sílẹ̀ ní ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní pa. Orúkọ Woodrow Wilson, ààrẹ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi pe ipò náà. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ tó dá dúró tó sì ní ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀, Aberystwyth ló jàre.

Alfred Zimmern, tó ti kọ̀wé nípa Gíríìsì àtijọ́, ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kúrò: ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ní iléèwé náà ló gbà fẹ́, ìlú kékeré kò sì lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ní 1936 ó kan E. H. Carr. Davies fẹ́ ẹni tí yóò máa polongo àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní Geneva nígbà náà. Ó gbìyànjú kí wọ́n má gba Carr, wọ́n sì gbà á. Ọdún 1939, bí ogun kejì ti ń bẹ̀rẹ̀, ni Carr gbé The Twenty Years' Crisis jáde, tó fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìrètí irú àwọn Davies. Owó Davies ló sì ń jẹ nígbà tó kọ ọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé fò dá ni apá mìíràn nínú ìtàn yìí ní Amẹ́ríkà. Ní 1910, Clark University bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà kan tó dá lórí bí àwọn aláwọ̀ funfun yóò ṣe máa ṣe ìjọba lé àwọn ẹ̀yà yòókù. Ní 1919 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí ti ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè, ní 1922 ó sì di ara Foreign Affairs. Ojú táyé fi ń wo àwa aláwọ̀ dúdú wà nídìí ẹ̀kọ́ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Howard University, tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ló ta ko èyí gbọnmọgbọnmọ: Alain Locke sọ àwọn àsọyé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà níbẹ̀, Ralph Bunche kọ́ni níbẹ̀, Merze Tate náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni níbẹ̀.

Nílé níhìn-ín, wọ́n dá ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ òkèèrè, NIIA, sílẹ̀ ní Èkó ní 1961. Bọ́lájí Akínyẹmí, tó ti ń kọ́ni ní Ìbàdàn, di olórí rẹ̀ ní 1975. Ní Ifẹ̀, Ọlájídé Àlùkò ló sọ ẹ̀kọ́ yìí di ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1977 ló ṣe olóòtú The Foreign Policies of African States.

Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ́ yìí ti tàn dé àwọn yunifásítì aládàáni bíi Covenant ní Ọ̀tà, àwọn ẹ̀ka ìtàn kan sì ti so ó mọ́ orúkọ tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba fọ́ọ̀mù, kí ó wò ó dáadáa bóyá ẹ̀ka tó dá dúró ni tàbí èyí tí wọ́n so mọ́ ìtàn, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kì í sábà rí bákan náà.