Ìbéèrè Tó Wà Lẹ́nu Abẹ

Ilẹ̀ Àwórì ni Ìgándò, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kún ibẹ̀ lónìí ti wá. Béèyàn bá wo àwọn àgbàlagbà tó ń gba iwájú ọsibítù ìjọba Alímọ̀ṣọ́ kọjá, yóò rí àbàjà Ọ̀yọ́ lójú ẹnìkan, ilà gbọọrọ kan ṣoṣo ti Oǹdó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn, àti pélé, ilà kúkúrú mẹ́ta tó dúró ṣánṣán. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n fà lọ́wọ́ kò ní ẹyọ kan. Àwọn èèyàn á ní ọ̀làjú ló pa ilà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ọ̀làjú kan náà kò ní ká fi ojú sílẹ̀ bí Elédùmarè ṣe dá a. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fín dúdú sí ibi irun òkè ojú, wọ́n ń fi ìpara bóra, ẹni tówó rẹ̀ sì ká a ń gba abẹ́rẹ́ Botox kí iwájú orí má hunjọ. Lójú tèmi, ìfẹ́ àtitún ojú ṣe kò kú rí. Ìbéèrè kan tí olóólà kò rí ìdáhùn fún ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Olóólà mọ àwọn ìbéèrè yòókù dunjú, àwọn náà sì ni oníbàárà ṣì ń gbé lọ bá dókítà. Ṣé yóò dùn mí? Òwe fèsì tipẹ́ pé títa ríro là á kọlà, bó bá jinná tán a doge. Kò sẹ́ni tó purọ́ pé kò ní ta. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn ọba kan tó wu òun náà láti gba abẹ, àmọ́ tí kò lè fara da gbogbo rẹ̀. Ṣé yóò jinná? Omi ìgbín ni wọ́n ń kán sí i, nítorí ẹ̀rọ̀ ni ìgbín, wọn a sì fi èédú lílọ̀ ra ojú ilà kó lè dúdú. Ìgbà tí ọmọ ṣì kéré ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́. Ta ló fẹ́ kọ ọ́? Iṣẹ́ ìdílé ni, Ògún ló ni abẹ, gbogbo ìlú ló sì mọ agbo ilé olóólà. Bó bá ba ojú kan jẹ́, ojú náà ni yóò máa rìn nínú ọjà tí yóò máa ròyìn rẹ̀ títí ayé.

Ẹlòmíràn lè ní mo ń da ọ̀rọ̀ rú, pé àmì ìran ni ilà, kì í ṣe oge. Òótọ́ wà níbẹ̀: nígbà ogun ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ojú ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ti wá. Ṣùgbọ́n òwe yẹn kò sọ pé yóò di ìran, ó ní yóò di oge, oríṣi ilà sì pọ̀ ju ohun tí àmì ìran nìkan nílò lọ: àbàjà mẹ́rin, àbàjà mẹ́fà, gọ̀ǹbọ́, túrẹ̀, bààmú tó dábùú imú. Ẹ wo bùjé náà. Èso rẹ̀ ni wọ́n fi ń ya ara ní dúdú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ṣá. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀ṣọ́ tó ń ṣá àti èyí tí ń báni dé sàréè.

Ibẹ̀ gan-an ni abẹ ti kọsẹ̀. Bí ojú bá sú mi ńkọ́? Ta ló sì bi mí kí wọ́n tó kọ ọ́? Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ń gbé láàárín àwọn tí ojú wọn jọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tí ń bèèrè. Nígbà tí ilé ìwé àti iṣẹ́ Èkó kó gbogbo ìran pọ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ru ojú tí kò yàn láàárín àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Owó ìtanràn inú òfin àpapọ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún kọ́ ló dẹ́rù ba àwọn òbí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, òkú ilà ni òfin bá nílẹ̀.

Mi ò ní ká dá abẹ padà o. Abẹ kan náà ń ti ojú ọmọ kan bọ́ sí ti èkejì, tòun ti ẹ̀jẹ̀ àti àrùn inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awọ dúdú tètè máa ń wú sókè lójú àpá. Abẹ́rẹ́ òde òní dáhùn ìbéèrè tó pa ilà: Botox kì í sábà ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, oògùn sì wà tó ń yọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun ìkúnjú tí wọ́n ń gún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí olóólà ti dáhùn ló wá ṣí sílẹ̀ padà. Bí ohun ìkúnjú yẹn bá wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè fọ́ni lójú, ìyẹn kì í sì í sábà ṣeé túnṣe. Ta ló wá di abẹ́rẹ́ náà mú? Ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́ta kò ní agbo ilé tí a lè wá a lọ. Lóòótọ́, HEFAMAA wà, àjọ tí òfin ìlera Èkó ti 2006 dá sílẹ̀ láti máa yẹ ilé ìwòsàn wò, dókítà tòótọ́ sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ lọ́dọ̀ àjọ MDCN. Ìwé àṣẹ wọn dára, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kì í dá oníbàárà padà. Olóólà kì í kọ àfín, bó ti wù kí òbí bẹ̀ ẹ́ tó. Ó mọ awọ tí kò yẹ lábẹ, á sì fi owó ibẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ kí àwọn ará Ìgándò máa kọ́kọ́ bi ẹni tó bá fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́ lójú: ta lo ti kọ̀ fún rí, kí sì ni ìdí rẹ̀?